Àgbò Tó Fẹsẹ̀ Rìn Wọ Ṣakí

Bí Sodiqat ṣe rí i pé orí àwọn adìẹ ń gbá táyà ọ̀kadà, ló bá já sójú títì, tó na ọwọ́ méjèèjì, tó dá ọlọ́kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ṣakí. Ẹsẹ̀ lókè, orí nílẹ̀ ni wọ́n so àwọn adìẹ náà rọ̀, ẹnu wọn là sílẹ̀ nínú oòrùn.

"Bí wọ́n bá so ìwọ náà rọ̀ báyìí láti oko wá ńkọ́?"

Wàhábì tó gun ọ̀kadà náà, àgbẹ̀ tó ń sin adìẹ àti àgùntàn ní Àgọ́-Àmọ̀dù, wò ó tòkè tilẹ̀. Arẹwà ni, àfi ẹnu. "Ẹran tẹ́ ẹ máa pa jẹ náà lẹ wá ń ṣàánú?"

"Màá jẹ ẹ́. Ṣé dandan ni kí n jẹ ìyà mọ́ ọn?"

Wàhábì ní ará Ṣakí ló máa pa òun: adìẹ tí a gbé bí ẹyin ni wọ́n ń fẹ́, owó adìẹ tí a so rọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ san. Òótọ́ ló sọ. Àwa tí à ń jẹran yìí, ojú kì í tì wá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, inú àgò ló kó wọn sí. Sodiqat ní àgò náà fún jù. Nígbà tí àgò di méjì, ó ní omi ńkọ́. Wàhábì sọ ọ́ ní Ìyá Adìẹ. Báyìí ni wọ́n ń bú ara wọn títí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin náà ní ìdí. Iléyá èṣí, inú búùtù ọkọ̀ ni àgbò tí bàbá rẹ̀, Alhaji Ládòkun, rà kú sí kí wọ́n tó délé. Bàbá ní kádàrá ni, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá yìí kan náà ló tún ní òun ò lè fọmọ fún ọkùnrin tí obìnrin ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé adìẹ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ló bá ní kí wọ́n mú àgbò wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ kó tó di ìrun ọ̀sán. Bí wọ́n bá pẹ́, kí wọ́n máa mú un padà lọ.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo awakọ̀ ló ní àfi kí àwọn di àgbò lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àwọn rọ́ ọ sí búùtù. Wàhábì kọ̀. Ó ní kí àwọn ẹbí òun wọkọ̀ ṣáájú, ó fi okùn sọ́rùn àgbò, ẹsẹ̀ ni òun àti àgbò sì fi rìn láti Àsùbáà. Àgbò ò mọ̀ pé àna ń dúró. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò ti jẹko.

Ìrun ọ̀sán ti kọjá pátápátá, àwọn àgbà ti fa ojú ro, kí Wàhábì àti àgbò tó wọlé. Eruku bo ọkọ ìyàwó. Àgbò ní tirẹ̀ ń dán. Sodiqat jágbe mọ́ ọn. "Mo ní kó o má dì í lẹ́sẹ̀ ni. Mi ò ní kó o máa bá a ṣe fàájì lọ́nà."

Alhaji dìde láti lé wọn. Àgbò kọjá lára rẹ̀, ó ki ẹnu bọ garawa omi àlùwàlá rẹ̀, ó ń mu. Gbogbo ilé ń retí kó fa igi yọ sí i. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìhà ẹran náà tó ń mí wọlé, mí jáde.

"Tèmi ò rí omi mu," ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó kọjú sí Wàhábì. "O pẹ́."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Ọmọ mi yìí, agídí rẹ̀ ju ti ẹran lọ. Bó bá dúró lọ́nà ńkọ́?"

"Màá dúró tì í, bàbá. Ọ̀nà ò kúkú ní sá lọ."

Sodiqat pòṣé, ó ní wọ́n wá ń fi òun wé àgbò. Ṣùgbọ́n ó ti bu omi tútù dání. Bí Wàhábì ṣe ń mu ún, Sodiqat fi etí ìborùn nu eruku ojú rẹ̀, lójú bàbá tó bí i, lójú gbogbo àgbà.

Alhaji gbójú kúrò. "Ẹ tẹ́ ẹní," ló wí, "kí àwọn àna mi jókòó."