Ta Ló Rán Aṣọ Yìí?

Orí ìkúnlẹ̀ ni Sàníù wà nígbà tí Mùjíbátù kọ́kọ́ rí i, nínú eruku ibùdókọ̀ Lálúpọn, tó ń fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́bàá táyà ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra.

"Ẹ dìde níbẹ̀, ọkọ̀ á tẹ̀ yín. Kí ló sọnù?"

"Ọwọ́ ni."

"Ọwọ́ ta ni?"

Ó gbé ọmọlangidi kékeré kan sókè, ọmọbìnrin ológun tí wọ́n ṣe ní Japan, tó ní oríkèé ní ọrùn, ní ìgbọ̀nwọ́, ní orúnkún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ọkọ̀ náà ló ju báàgì Sàníù sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí ọwọ́ náà fi yọ, kò sì tiẹ̀ ní kó má bínú. Ẹ̀rín fẹ́ pa Mùjíbátù, ṣùgbọ́n bó ti rí ojú ọkùnrin náà, òun náà kúnlẹ̀. Òun ló rí ọwọ́ náà, kò ju hóró àgbàdo lọ.

Ọdún 1994 nìyẹn. Tíṣà ni Mùjíbátù ní Lálúpọn. Iléeṣẹ́ ìwádìí kan ni Sàníù ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń rán an wá wo ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, yàrá kan ló sì háyà ní Ajíbọ́dé, nítòsí iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ará Japan ló fún un ní ọmọlangidi àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, bí ọ̀gá bá ń lọ sílé, Sàníù á bẹ̀ ẹ́ kó ra òmíràn bọ̀. Wọ́n ti kún pẹpẹ: jagunjagun onídà, ẹ̀rọ tó ń rìn bí ènìyàn, gbogbo wọn láti inú eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ará ibẹ̀.

"Ọkùnrin onírùngbọ̀n, ò ń fi bèbí ṣeré," Mùjíbátù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá lọ kí i, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di olólùfẹ́.

"Wò ó, àyànfẹ́ mi, bó o bá ṣe fẹ́ ló máa dúró."

Mùjíbátù tẹ orúnkún ọmọbìnrin ológun náà, ó mú un jókòó. "Jẹ́ kó sinmi jàre. Ṣé ogun ò ní tán ni?"

Lọ́jọ́ kan ó mú àjákù àdìrẹ wá, ó jókòó ti Sàníù, ó rán ìró àti bùbá fún ọmọlangidi náà. Sàníù wò ó títí. Ọjọ́ náà ló ní òun fẹ́ fi Mùjíbátù ṣaya.

Alájì Roheem, bàbá Mùjíbátù, ní àwọn gbọ́dọ̀ rí ibi tí ọkùnrin náà ń gbé. Ọmọ wọn ló mú wọn lọ. Bí wọ́n ti wọlé, pẹpẹ ni ojú wọn lọ.

"Ère ta nìyí?"

"Ti àbúrò mi ni, sà," ni Sàníù yára dáhùn.

Alájì mú èyí tó wọ àdìrẹ. Wọ́n mọ aṣọ náà, àwọn ló rà á fún ọmọ wọn. "Ta ló rán aṣọ yìí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Mùjíbátù bọ́ síwájú. "Èmi ni mo rán an, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí." Ó yíjú sí Sàníù. "Ohun tó o fẹ́ràn nìyí, o sẹ́ ẹ. O sẹ́ èmi náà mọ́ ọn. Tí wọ́n bá bi ọ́ lọ́la pé ta ni mí ńkọ́?"

Ó bọ́ síta.

Gbogbo ìgbà tí Sàníù wá sí Lálúpọn lẹ́yìn ìyẹn, Mùjíbátù kò yọjú. Kò sunkún. Ó ń fi ìbínú gbálẹ̀, ó ń fi ìbínú fọ abọ́. Kí ló ń ti ọkùnrin lójú nínú ohun tí kò jí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Sàníù gbé páálí kan dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alájì lójú gbogbo ará ilé, ó wá ń to àwọn ọmọlangidi náà sílẹ̀.

"Tèmi ni gbogbo wọn, sà. Mi ò bọ wọ́n, mo kàn fẹ́ràn wọn ni. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi purọ́. Ọmọ yín ló rán aṣọ yìí, ojú mi ló ṣe."

"Nínú ilé ara rẹ lo ti purọ́ fún mi," ni Alájì wí, ohùn wọn le. "Mi ò fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí, mi ò sì ní fẹ́ràn wọn. Wọn ò gbọdọ̀ wọ yàrá tí ọmọ mi ti ń kírun." Wọ́n ní kó kó wọn padà sínú páálí. "Sọ fáwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá rí mi."

Mùjíbátù ló sìn ín sọ́nà. Wọ́n kọjá ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí.

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ?" Sàníù béèrè.

"Ó ń bí mi."

"Ìgbà wo ló máa rọ̀, àyànfẹ́ mi?"

Mùjíbátù gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lérí. "Kò tíì yá. Màá gbé e délé wa ni."

"Ilé ta ni?"

"Ilé èmi pẹ̀lú rẹ," ló wí, kò rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.