Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta fún Leah

Búrẹ́dì gbígbẹ ni Leah ń bù jẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Òsí, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ọwọ́ kan tẹ ikùn, nígbà tí Jonah Ọmọ́níyì kọ́kọ́ rí i. Ọdún 1981 ni. Jonah ti Èkó wá ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, ẹni tí ọgbẹ́ inú pa.

"Ọgbẹ́ inú ló ń ṣe ọ́," ni ó wí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ là ń kọ́kọ́ sọ níbí, bọ̀ọ̀dá Èkó."

Ojú tì í, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Jonah sọ iṣẹ́ ìwádìí oògùn tó ń ṣe ní Èkó fún un: àwọn ẹranko kan wà nínú òkun tó lẹ̀ mọ́ àpáta bí kànrìnkàn. Òun àti ọ̀gá òun ń yọ oje ara wọn fún eku mu. Eku tó bá mu ún, ọgbẹ́ kì í sábà dá sí i nínú.

"Jonah! Ṣé ẹja tó gbé yín mì ló kọ́ yín?"

"Òun náà ló pọ̀ mí sí ìdí máńgòrò yìí."

"Ẹ bù fún mi nínú oje náà."

"Kò tíì yẹ fún ènìyàn. Ṣáà máa jẹun lásìkò, Leah mi."

Ọdún kan ni lẹ́tà fi ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí Jonah wá tọrọ Leah láti fi ṣaya, bàbá Leah, Wòlíì Elijah, sọ pé, "A kì í fọmọ fún ẹni tí kò lè gbààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin méjèèjì, láìfẹnu kan omi."

Jonah mọ ohun tí inú òfìfo ń ṣe fún ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á kí wọ́n má baà ní ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi tòun kò nígbàgbọ́. Leah ń wo ẹnu rẹ̀.

"A ó gbà á, sà," ni Jonah wí.

Lọ́jọ́ kẹta, Leah pọ ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ tó kó iṣu ló gbé e dé Ìlọrin. Àwọn dókítà là á nínú.

"Èmi ni mo ṣe é," ni bàbá rẹ̀ ń sunkún wí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀yin kò mọ̀, sà. Èmi mọ̀, mo sì dákẹ́."

Leah lajú. "Ṣé ẹ jẹ́ kí ebi pa mí, kí wọ́n lè fi mí fún yín?"



Oṣù mẹ́jọ ni Leah kò fi fèsì sí lẹ́tà Jonah kankan. Lẹ́yìn náà ló kọ gbólóhùn kan: "Ẹ máa bọ̀, ó ṣì ń dùn mí."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, bí bàbá Leah ti ń bèèrè lọ́wọ́ Jonah bóyá yóò fẹ́ ẹ, Leah sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Jonah létí: "Ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa wí, ìbáà jẹ́ pé ẹ ó pàdánù mi."

"Màá wí," ni Jonah dá a lóhùn, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀, kí ó tó dá bàbá lóhùn.