Ẹni Tó Mú Ogójì Pé

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbé igi àjà gun orí ilé ẹjọ́ tuntun, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí fọ́ọ̀mán ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀. Ó wọ kakí tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi, ó dé akẹtẹ̀ bíi ti òyìnbó, ó sì wọ bàtà aláwọ. Láyé ìgbà náà, tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá wọ bàtà kì í ṣe ẹni à ń fojú di.

Ẹ má rò pé owó ńlá ló ń gbà o. Òyìnbó tó jẹ́ fọ́ọ̀mán níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń po ẹfun mọ́ yanrìn, ohun tí ìyẹn ń gbà lọ́sẹ̀ kan, tiwa yóò fi oṣù mẹ́ta làágùn kó tó rí i. Àwọ̀ ara nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó tún burú ni pé orí iye àwọn tó ń darí ni wọ́n gbé owó tiwa lé. Láràárọ̀ Sátidé, ẹnjiníà òyìnbó á gun ẹṣin wá ka àwọn òṣìṣẹ́ lórí ìlà. Bí ogójì ọkùnrin bá pé, owó fọ́ọ̀mán ni yóò gbà. Bó bá dín ẹyọ kan, owó bíríkìlà lásán ni. Àìsàn ni o, ìbímọ ni o, òyìnbó ò fẹ́ gbọ́.

Fọ́ọ̀mán náà wá wá ọgbọ́n sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò wá dúró kí wọ́n kà á. Bí ẹṣin bá ti yí ẹ̀yìn padà, yóò lọ sùn sẹ́yìn òkìtì yanrìn. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òkú pàápàá lè gbowó níbí, bó bá ṣáà ti lè dúró.

Ibà ti dá àbúrò fọ́ọ̀mán dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú fọ́ọ̀mán, ó ní ara ọkọ òun gbóná bí iná.

"Ìyàwó, kò ní gbé nǹkan kan," ni fọ́ọ̀mán wí. "Wọ́n á kà á tán, á lọ sùn."

Àbúrò dìde, ó ń gbọ̀n, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló tọ́ òun dàgbà, òun ò lè jẹ́ kí owó rẹ̀ dín. Òun ló mú ogójì pé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnjiníà kò lọ. Ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn kó lè fojú rí bí igi àjà yóò ṣe gòkè. Ó rí àbúrò tó fara ti ògiri, ó ní kí wọ́n rán an lọ sókè.

Bí fọ́ọ̀mán bá sọ pé àìsàn ń ṣe àbúrò òun, òyìnbó yóò bi í pé kí ló ń wá nínú ìlà, ogójì yóò sì di mọ́kàndínlógójì. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó ní, "Rọra máa gùn ún." Àbúrò wò ó, ó di àkàbà mú, ó sì gùn ún. Kò tíì dé òkè tó fi já bọ́. Kó tó di pé wọ́n gbé e dé abẹ́ igi, ẹ̀mí ti bọ́.

Nírọ̀lẹ́, fọ́ọ̀mán gba owó rẹ̀ pé, nítorí ààyè ni wọ́n ka òkú náà. Opó rẹ̀ gba owó ìdajì ọjọ́, nítorí ọkọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kọjá ọ̀sán.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ parí, opó náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ wá. Òfin ni pé bí wọ́n bá mú aláìsàn gun òkè tó sì kú, ìjọba yóò san owó gbà-má-bínú fún opó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni, àìṣọ́ra tirẹ̀ ló pa á. Wọ́n pe fọ́ọ̀mán láti wá jẹ́rìí. Bó bá sọ òótọ́, àṣírí ìlà rẹ̀ tú nìyẹn, iṣẹ́ fọ́ọ̀mán sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adájọ́ bi í bóyá ara àbúrò rẹ̀ yá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ara rẹ̀ yá gágá, sà," ni fọ́ọ̀mán wí.

Wọ́n da ẹjọ́ nù. Bí opó náà ṣe ń jáde lọ, ó dúró níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí.