Òwú Tí Níyìọlá Yọ

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn adájọ́ dé ìdí tábìlì wọn nígbà tí Níyìọlá ki ọwọ́ bọ inú àpótí gíláàsì náà, tó sì fa òwú yọ lápá òsì. Ìyìn, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì, ti lọ mu omi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ìyìn fi ṣe àpótí yìí. Gílóòbù kékeré àárín rẹ̀ dúró fún ìràwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Òwú tí wọ́n rà ní ọjà Àgbójú dúró fún ìkúùkù ojú ọ̀run tó bo irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fún pọ́ńpù, pàúdà á tú jáde lọ́tùn-ún lósì, bí gáàsì ṣe ń tú jáde lára ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n tọ̀tún ń gùn gbọọrọ, tòsì ń kúrú, ó sì ń fẹ̀ rádaràda. Ojú ń ti Níyìọlá. Ẹni tó bá borí ló máa ṣojú ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin níbi àṣekágbá ní Ìkẹjà. Ta ló fẹ́ gbé ohun tó wọ́ lọ síbẹ̀?

Ọ̀mọ̀wé Fọláyan, olórí àwọn adájọ́, dé. Ìyìn fún pọ́ńpù. Pàúdà tú jáde, apá méjèèjì gùn dọ́gbadọ́gba. Ìyìn bojú wo inú àpótí náà, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe nìyí o!"

"Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ," obìnrin náà ní. "Ẹ ní ibi tí ìkúùkù bá ti ki, gáàsì kì í ráyè kọjá dáadáa. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká mọ ibi tó ki nínú ìkúùkù tójú ò lè rí inú rẹ̀. Apá tó kúrú yẹn gan-an ni mo wá wò. Ó dà?"

Níyìọlá ò tíì ka ohun tí Ìyìn kọ. Àṣé ohun tí òun kà sí àbùkù gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà!

"Èmi ni mà," Níyìọlá ní. "Mo yọ òwú níbẹ̀, kó lè dọ́gba. Ìyìn ò mọ̀ sí i."

Obìnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó kọjá sí tábìlì kejì. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló borí.

Ìyìn yíjú sí Níyìọlá. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Níyìọlá, ṣó o rò pé mi ò mọ bí mo ṣe lè mú kó dọ́gba ni?"

Níyìọlá dá òwú náà padà sápá òsì. Ọjọ́ náà ló yé e pé ẹni tó bá tún òótọ́ ṣe kó lè dùn ún wò, irọ́ ló sọ ọ́ dà, ìyà rẹ̀ sì lè jẹ ẹni tó ṣiṣẹ́.