Ìdọ̀bálẹ̀ Malachi

"Ẹ kúuṣẹ́ o, bàbá! Ṣé ara àgbà le?"

Malachi kò fi mọ síbẹ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní Rye Lane, ní Peckham nílùú òyìnbó, lójú àwọn ọmọbìnrin tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Dáúdà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dáúdà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró gbagidi pẹ̀lú àpò iṣu Mummy rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré. Lọ́dún tó kọjá, inú tíìmù kan náà làwọn méjèèjì wà nígbà tí àwọn èèyàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan wá wò wọ́n. Dáúdà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, ni ojú wọn kọ́kọ́ lọ sí. Ni Malachi bá yọ́ sọ fún wọn pé ọmọ yẹn ti lé lógún ọdún, pé wọ́n ti bá a gé ọjọ́ orí kù ní Nàìjíríà. Irọ́ gbuu! Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn èèyàn náà. Wọ́n fi Dáúdà sílẹ̀, wọ́n mú Malachi lọ dánwò, òun náà kò sì yege. Ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ló ṣe é fún un, ìyẹn ló dùn ún jù. Látìgbà náà ni Malachi ti ń pè é ní bàbá níbi gbogbo.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Tíìmù tí kálukú wọn wà báyìí máa pàdé nínú àṣekágbá ìdíje lọ́jọ́ Sátidé, ní pápá Peckham Rye, Dáúdà sì ti pinnu ohun tó máa ṣe. Ẹsẹ̀ Malachi gbọ́dọ̀ kán.

Níbi ìgbáradì wọn, ẹsẹ̀ Kóyọ̀dé tí wọ́n jọ ń gbá ẹ̀yìn ló fi ń dánra wò. Kóyọ̀dé pariwo títí ó fi sú u. Kóòṣì wọn, Uncle Gàníyù, bá pe Dáúdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin làwọn òbí ọkùnrin yìí, Paris ni wọ́n bí i sí, ó sì ti gbá ẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn ọ̀jẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé kí ó tó fẹ́ ìyàwó ará Peckham. Yorùbá rẹ̀ máa ń gba imú jáde.

"Ẹsẹ̀ ta lò ń wá kiri?"

"Ti Malachi, Uncle. I'm not gonna lie. Mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ."

Dáúdà rò pé ó máa bá òun wí ni, àfi bó ṣe rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà máa ń gbẹ̀san, ọmọ mi. Atamátàsé kan wà lọ́hùn-ún tó tutọ́ sí mi lójú, tó pè mí ní ọ̀bọ. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan wọlé níbi tí mo bá wà mọ́. Mi ò gbá a nípàá rí o. Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ pé mò ń bọ̀ lórí pápá, inú á máa run ún. Ìyẹn ni ẹ̀san ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mi ò fi ojú ilé, ibi tí mò ń ṣọ́ níwájú aṣọ́lé wa, sílẹ̀ nítorí tirẹ̀ rí. Bí o bá tẹ̀lé ọ̀tá lọ síbi tí kò ti lè ṣe nǹkan kan, ìwọ lo ṣílẹ̀kùn ilé fún un."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Hamid tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù ní France ń bọ̀ wá wò yín. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan níbí ló ń bá wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù. Nítorí tìẹ ni mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ ọ̀tọ̀, gbígbà ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Dáúdà kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n ṣe wí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Ibi tí Malachi bá ní òun ń lọ, Dáúdà ti wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fún un, Dáúdà ti gbà á. Malachi bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ara rẹ̀, ìtìjú sì hàn lójú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, Hamid ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, eré sì fẹ́ parí.

Ẹ̀san tó gbayì nìyẹn, àbí? Kò tó Dáúdà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Igbe ìrora ló fẹ́ gbọ́.

Malachi gba bọ́ọ̀lù, ó sá lọ sí igun pápá níbi tí kò ti lè gbá a wọlé láéláé. Ó fẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, bàbá! Ṣé orúnkún ò ro yín?"

"Dúró, Dáúdà! Má lọ!" Uncle Gàníyù ń ké, Kóyọ̀dé náà ń ké. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Dáúdà ti fi ojú ilé sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ń rò láti ọdún kan, ó sì ju ẹsẹ̀ méjèèjì sí ọrùn ẹsẹ̀ Malachi.

Malachi ti ń retí rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù sí àyè tí Dáúdà fi sílẹ̀, ó fò sókè. Dáúdà yọ̀ lórí ẹrẹ̀ títí ó fi jáde nínú pápá. Nígbà tó máa gbójú sókè, Káyọ̀, ọ̀rẹ́ Malachi nínú tíìmù rẹ̀, nìkan ló kù pẹ̀lú aṣọ́lé tíìmù Dáúdà, bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Góòlù! Eré parí síbẹ̀.

Dáúdà ṣì jókòó nínú ẹrẹ̀ nígbà tí Hamid wá bá Uncle Gàníyù. Ó ní ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gan-an, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bí i nínú lè fà á kúrò lójú ilé. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ọmọ tó fà á jáde yẹn, what's his name?"

Uncle Gàníyù wo Dáúdà nínú ẹrẹ̀. "Malachi ni," ó ní. Hamid bá lọ bá Malachi.

Ẹ má bi mí bóyá ó tọ́ sí i. Kò tọ́ sí i! Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni Hamid wá wò, kò wá dájọ́ irọ́.

"Uncle, ẹ lọ sọ fún un!" Dáúdà bú sẹ́kún. "Ẹ sọ ohun tó ṣe fún mi!"

"Mo ti sọ fún un kó tó wá. Ìdí tó fi gbà láti wá wò ọ́ gan-an nìyẹn. Ká ní o dúró síbi tí mo ní kó o dúró, ìwọ ni ì bá mú lọ lónìí, Malachi á sì dúró síbí, á máa wò ọ́. Ẹ̀san wo lo tún ń wá tó ju ìyẹn lọ?"

Ẹni tó bá jẹ́ kí ìbínú gbé òun kúrò nídìí iṣẹ́ òun, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbé ire rẹ̀ fún ọ̀tá, ọ̀tá kò sì ní kọ̀ ọ́.

Malachi ń kọjá lọ, fóònù Hamid lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ nọ́ńbà Mummy rẹ̀ sínú rẹ̀ kí Hamid lè pè é. Lọ́jọ́ yìí, kò dọ̀bálẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní bàbá.

"Thank you, bro," ó ní fún Dáúdà, tọkàntọkàn.