Ojú Ewé Méje Péré

Àmì roboto kékeré kan ń yí po lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń yí, kò dáwọ́ dúró, kò sì ṣí nǹkan kan. Kóyá ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó dìde, ó wo ìta, ó tún jókòó. Àmì náà ṣì ń yí.

"Ṣé kí n máa wí?" ni nọ́ọ̀sì àgbà bi í. Ó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀, mà."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ṣọ́ọ̀bù tí ìyá Kóyá ti ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn ni wọ́n wà. Ìyá náà ló ń pe ọmọ rẹ̀ ní Kóyá, torí láti kékeré, kò sí ohun tí kì í sáré ṣe. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá nídìí ìwé títẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi ní kó dá oníbàárà yìí lóhùn kóun tó ra bébà dé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nọ́ọ̀sì àgbà fi gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kò ríwèé mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ti dé, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa péjọ, ó sì fẹ́ fún wọn ní ohun tó mọ̀ lákọsílẹ̀: ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọmọ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí dókítà kò bá sí nítòsí. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹnu ló máa fi sọ ọ́, kí Kóyá máa tẹ̀ ẹ́.

Kóyá ki ọwọ́ bọ àpò. Fíláàṣì aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, wà níbẹ̀. Bọ̀dá tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ló fún un lánàá.

"Ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀, Línúsì ni wọ́n ń pè é," bọ̀dá náà sọ fún un. "Bó o bá ti fi fíláàṣì yìí tan kọ̀ǹpútà, inú fíláàṣì ni gbogbo ẹ̀ á ti máa ṣiṣẹ́. Kò ní í fọwọ́ kan ẹrù mọ́mì ẹ. Ó sì yá. Ṣùgbọ́n gbọ́ o..."

Kóyá ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà." Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ náà ti sọ tiẹ̀: "Dán an wò nígbà tí kò bá síṣẹ́. Má fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà o."

Àmì náà ṣì ń yí. Kóyá pa kọ̀ǹpútà, ó ki fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún un tàn. Ìbéèrè kan jáde: ṣé kó kàn gbìyànjú rẹ̀ wò ni, àbí kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà pátápátá? Kóyá kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lè pa rẹ́. Ó mú ìgbìyànjú.

Ojú kọ̀ǹpútà di aró, àwọn àwòrán kéékèèké tò sí apá òsì. Ó tẹ ti ìwé kíkọ. Ó ṣí kó tó mí. Kóyá rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń rín?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ máa wí."

"Kọ ọ́ pé: fọ ọwọ́ rẹ. Tún un kọ. Wọn ò ní í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kọ ọ́ pé: má pariwo mọ́ obìnrin tó ń rọbí. Òun ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ kọ́."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú ewé mọ́kànlá ti pé. Nọ́ọ̀sì àgbà lọ sinmi nílé, ó ní òun ń bọ̀ láago mẹ́rin. Kóyá séèfù iṣẹ́ náà, ó fi í pamọ́ síbẹ̀, ó sì rí i ní kedere lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé e jáde. Ẹ̀rọ náà kò mira. Línúsì kò tíì mọ̀ ọ́n.

"Kò burú," ni Kóyá wí. Òun á pa èyí, òun á padà sí ti tẹ́lẹ̀, òun á sì tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀. Ó pa á.

Ti tẹ́lẹ̀ ṣí, pẹ̀lú gbogbo ìlọ́ra rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Kóyá padà sínú Línúsì. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí ilé tẹ́nì kan ò gbé rí. Ó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣí èyí, ó ti tọ̀hún.

Báyìí ni ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú bébà lórí. "Kí ló dé tó ò ń ṣe bí adìyẹ tó fẹ́ yé?"

"Iṣẹ́ màmá yẹn... mi ò rí i mọ́."

"Kọ̀ǹpútà yìí ló gbé e mì," ni ìyá wí. "Láti Ọjọ́bọ̀ tí ọkùnrin tó ń tún un ṣe yẹn ti tú u palẹ̀ ni mo ti ń fura." Ó fa fóònù yọ, ó pè é.

Kóyá lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Kò sọ.

Bọ̀dá dé kíákíá. Ìyá kò jẹ́ kó jókòó. "Ṣé wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ ni, àbí o kàn ń gbé irinṣẹ́ kiri? Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko!"

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. Ó rí fíláàṣì aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo Kóyá. Ó nàró.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Wo kí ni? O ò tún ní í fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ọ̀nà yìí ni mo sì máa sọ fún."

Ẹsẹ̀ Kóyá tó ti ń gbá ilẹ̀ láti àárọ̀ dúró. Ká ní bọ̀dá jágbe mọ́ ọn ni, ì bá sàn fún un.

"Mọ́mì, wọn ò mọ nǹkan kan sí i. Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Bọ̀dá ló kọ́kọ́ lanu. "Ohun tí mo ń pariwo tẹ̀lé ẹ lánàá nìyẹn. Ìgbìyànjú ni. Ohun tó o bá kọ síbẹ̀, bó o bá ti pa á, ó lọ nìyẹn. Fíláàṣì míì ló yẹ kó o séèfù ẹ̀ sí."

"Ṣé a ò lè wá a?" ni Kóyá bi í.

"Níbo la ti fẹ́ wá a?"

Ìyá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bọ̀dá. Kò na Kóyá. Ó kàn ní, "Bí màmá yẹn bá dé, ìwọ lo máa sọ fún wọn."

Ní aago mẹ́rin, Kóyá kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà jókòó padà sórí àga rẹ̀. "Ọ̀fun mi ti gbẹ," ló wá wí. "Èwo ló yá nínú méjèèjì?"

"Ti inú fíláàṣì, mà."

"Lo ìyẹn. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣẹ̀ mí."

Bọ̀dá fún Kóyá ní fíláàṣì dúdú kan láti máa fi iṣẹ́ pamọ́ sí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mélòó kan, nọ́ọ̀sì àgbà á dákẹ́: "Ṣé o ti fi pamọ́?" Kóyá á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn kó tó ṣe é.

"Mò ń gbọ́ ìró ọwọ́ ẹ," ni màmá náà wí. "O ò tíì ṣe é. Asárétete kò ní í kọjá ilé, ọmọ yìí."

Ní òpin ojú ewé keje, ohùn nọ́ọ̀sì àgbà há. Ó mu omi, ohùn náà kò padà. Wọ́n gbé fíláàṣì dúdú lọ sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n tẹ ojú ewé méje jáde. Méje péré.

Kóyá ló kà á fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró lójú kan, kò mira. Nígbà tó kà á tán, obìnrin kan láàárín wọn nawọ́ sókè.

"Ìbejì ńkọ́? Bí ọmọ kejì bá dábùú ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì àgbà la ẹnu, èémí lásán ló jáde. Gbogbo wọn yíjú sí Kóyá.

"Ó wà lójú ewé kẹsàn-án," ni Kóyá wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

Obìnrin náà rọra dé bírò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ohùn nọ́ọ̀sì àgbà lò kó tó padà. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, gbogbo ìgbà tí Kóyá bá pàdé aboyún lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ ló máa ń wò, á máa rò ó bóyá ọmọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ojú ewé mẹ́rin tó kù tán, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ fún obìnrin tó bèèrè.

Ó ṣì ń lo Línúsì dòní. Kò sóhun tó burú nínú ká gbìyànjú nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ara ẹni la fi ń gbìyànjú, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Bí ẹnì kan bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀, dúró kó sọ ọ́ tán.