Àbàwọ́n Tí Kò Sí Lára Fíìmù

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Kíka ìwé pélébé yìí ò ní pẹ́. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kì í sì í ṣe ìtàn dídùn.

Bámilóyè ni orúkọ rẹ̀. Láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí olóṣèlú gbogbo ń wá ẹni tí yóò tẹ àwòrán ojú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ lọ. Bó bá gbé fíìmù àwòrán tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé tábìlì oníná, tó dijú kan, tó fi ìkejì wò ó, á ní, "Ibí yìí dọ̀tí. Ẹ lọ tún un fọ̀." Kì í ṣì í. Òun náà sì mọ̀ pé òun kì í ṣì í, ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́.

Ọláwuyì ló ń bá a darí ẹ̀rọ, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Bó bá ń nu íńkì lọ́wọ́, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Jésù wọ ayé yín."

Bámilóyè á bú sẹ́rìn-ín. "Tí mo bá darúgbó, tí n kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, màá ronú pìwàdà. Àbí Jésù rẹ ń sá lọ ni?"

Hàà, ọmọ aráyé! Ó rò pé ọkàn òun yóò máa dúró de òun bí aṣọ inú àpótí.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ọmọ Ṣómólú kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì tí ẹsẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, wọ́n ní egungun rẹ̀ le koko, kó lọ ya fọ́tò orí. Ó lọ yà á ní ilé àyẹ̀wò kan ní Erékùṣù Èkó. Dókítà obìnrin kan gbé fíìmù náà síwájú iná.

"Bàbá, ẹ wo ibi tó ṣú yìí, àti ibí yìí. Inú orí ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ba tiyín jẹ́. Apá funfun inú ọpọlọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibì kan, kò rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Ó ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dùn yín. Ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, ẹ fi sìgá sílẹ̀, kó má bàa tàn kálẹ̀."

Bámilóyè na ọrùn, ó dijú kan. "Dókítà, ta ló fọ fíìmù yìí?"

"Sà?"

"Wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù ló gbẹ mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ tèmi nìyí, ẹ ò lè fi tàn mí."

Kó tó délé, ó ti da oògùn náà sí gọ́tà. Tabitha ìyàwó rẹ̀ sunkún títí. Bámilóyè ní kó panu mọ́, kí lobìnrin mọ̀ nípa fíìmù?

Àìsàn yìí kì í kan ilẹ̀kùn. Bí omi ọ̀sà ṣe ń wọlé ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà, ló ṣe ń wọlé: o ò ní gbọ́ ariwo kankan, àfi tí ẹní rẹ bá tutù. Bámilóyè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tì lẹ́nu. Ìbínú rẹ̀ di lemọ́lemọ́.

Ìdìbò kejì dé, iṣẹ́ pọ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pléètì tirẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí àwòrán wà lára rẹ̀, lẹ́nu ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọláwuyì lọ ra dísù, Bámilóyè fúnra rẹ̀ ló de pléètì. Ó de ti pupa síbi tó yẹ kí búlúù wà. Nígbà tí Ọláwuyì dé, tó rí ìwé àkọ́kọ́, ó ní, "Ọ̀gá, àwọ̀ yìí ò dáa o."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni? Tẹ̀ ẹ́!"

Ọláwuyì tẹ gbogbo rẹ̀. Ojú olóṣèlú tó gbé iṣẹ́ náà wá jáde ní àwọ̀ ewé bí ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n. Àwọn jàǹdùkú rẹ̀ ya wọ ilé ìtẹ̀wé. "Ta ló ṣe é?"

Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ọpọlọ tó ti ń kú yẹn jí. Bámilóyè rántí kedere pé ọwọ́ òun ló de pléètì. Ó sì nàka sí Ọláwuyì. "Òun ni."

Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún Ọláwuyì lé ara ẹ̀rọ, wọ́n fi irin fọ́ ọ. Ó ń ké, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn!" Ọ̀gá kọjú sí ògiri. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè di nǹkan mú mọ́. Ọláwuyì kó lọ sí Ìlàjẹ ní Bàrígà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja, ó sì ń fi ọwọ́ òsì to igi sídìí iná.

Ìyà wá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Bámilóyè bèèrè pé, "Ìyá Níní, Ọláwuyì dà? Kí ló dé tí kò tíì wá síbi iṣẹ́?"

Tabitha wò ó lójú, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ló bá sọ ohun tó ti ṣe sí Ọláwuyì fún un, bí Ọláwuyì ṣe ròyìn rẹ̀ fún òun. Bámilóyè figbe ta, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún bèèrè. Tabitha tún sọ. Ó tún figbe ta. Ẹlòmíràn ń fi ọtí gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bámilóyè gbàgbé tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì rí ìsinmi níbẹ̀.

Ó ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n tún ya orí rẹ̀. Ó gba fíìmù tuntun náà lọ́wọ́ Tabitha, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí tábìlì oníná ní ilé ìtẹ̀wé. Ó gbé e lé ti àkọ́kọ́ tí Tabitha ti tọ́jú, bí wọ́n ṣe máa ń gbé fíìmù lé ara wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣe rẹ́gí.

Wọ́n ṣe rẹ́gí. Àbàwọ́n wà lórí àbàwọ́n, ojú ibì kan náà, àmọ́ èyí tuntun ti fẹ̀, wọ́n ti ń wọnú ara wọn. Ìdọ̀tí omi kì í sì í gbẹ síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ìyẹn fún un.

"Fíìmù ò dọ̀tí," ló wí. "Èmi ni."

Ó di aṣọ Tabitha mú. "Mú mi lọ bá Ọláwuyì."

"Bàbá Níní, òjò ń ṣú. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Lọ́la n lè má mọ ohun tí mo ṣe mọ́. Lónìí, mo mọ̀ ọ́n."

Títí wọ́n fi dé Ìlàjẹ, ó ń wí i lábẹ́nu, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́: "Èmi ni mo de pléètì. Mo rántí. Mo dákẹ́. Èmi ni mo de pléètì." Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ẹni tó gbà síṣẹ́.

"Háà, Ọ̀gá, ẹ dìde!"

"N kò ní dìde. Bí mo bá dìde, màá gbàgbé. Èmi ni mo de pléètì. Mo rántí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ọ́, mo sì dákẹ́."

Ọláwuyì wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti rọ. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí n lè dárí jì yín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò fẹ́ kó gbọ́. Ó gbọ́ ṣá. Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n Jésù lẹ ṣẹ̀ jù."

"Báwo ni màá ṣe wí fún un?"

"Bí ẹ ṣe wí fún mi yẹn náà ni."

Nínú ẹrẹ̀ yẹn, níbi tí èéfín ẹja ti ń ta wọ́n lójú, Bámilóyè tún un wí fún Jésù, ó ní kó gba òun. Ó sì gbà á.

Kí n má purọ́ fún ọ: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nà. Ọwọ́ Ọláwuyì kò padà bọ̀ sípò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bámilóyè tún bèèrè, "Ọláwuyì dà?" Tabitha sọ gbogbo rẹ̀. Ó figbe ta. Tabitha wá di orí rẹ̀ mú. "Ẹ ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ti dárí jì yín. Jésù náà ti gbà yín."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Níní."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí ó fi kú. Nígbà tó kú, kò mọ Níní ọmọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ẹni tó gbọ́ ọ ní Ìlàjẹ kì í gbàgbé.

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání ńkọ́? O ní tó bá yá. Ọpọlọ wo lo fẹ́ fi ṣe é? Bámilóyè fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù, ẹlòmíràn ti pẹ́ jù, nígbà tó ṣì wà láàyè, pẹ̀lú èémí nímú. Èyí tó ń kú lára rẹ kò ní dùn ọ́. Kúnlẹ̀ síbi tó o wà yẹn, wí ohun tó o ṣe fún Jésù, má ṣe fi ohunkóhun pamọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀. Lọ lónìí, nígbà tó o ṣì mọ orúkọ rẹ̀.